Wolé-wolé Ojú Agbami: Àyẹ̀wò Ìjọba Lórí Ààbò Àwọn Tó Ń Wa Epo Lórí Òkun

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi Ọjọ́ Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa ní Port Harcourt

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ pè mí lórí fóònù, ó ní kí n yan àkòrí fúnra mi. Mo ní n kò ní sọ̀rọ̀ lórí àṣà ìbílẹ̀, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ pọ̀ nínú gbọ̀ngàn yìí. Ohun tí mo fi ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ṣe ni n óò sọ.

Iṣẹ́ epo ni mo ṣe, lórí òkun, láti 1986 títí di 2014 tí mo fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ mẹ́rìnlá lórí omi, ọjọ́ mẹ́rìnlá nílé. Ẹ̀yin tí ọkọ yín tàbí ọmọ yín ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ bó ṣe máa ń rí: báàgì kékeré lẹ́nu ọ̀nà, àdúrà ní ìdájí, lẹ́yìn náà ẹ ó máa retí fóònù. Bí mo ṣe ń wo ojú yín yìí, mo mọ̀ pé àwọn kan wà níbí tí èèyàn wọn wà lórí òkun lónìí olónìí.

Ìbéèrè tí mo gbé wá kò pọ̀. Ta ló ń bá wa wo ibi tí àwọn ọmọ wa ń lọ? Nígbà tí ìjọba bá sì ní òun ti yẹ ibẹ̀ wò, kí ni wọ́n wò?

1. Wolé-wolé tí a mọ̀

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Iléṣà, kò sí ẹni tí àwọn ìyá wa ń bẹ̀rù tó wolé-wolé. Ẹ̀yin àgbà rántí wọn: aṣọ kakí, ìwé kékeré lọ́wọ́, ojú líle. Yóò ṣí ìkòkò omi, yóò wo ìdí rẹ̀ bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Bó bá rí i, ó di kóòtù.

Ṣùgbọ́n kí wolé-wolé tó dé àdúgbò, ìròyìn rẹ̀ ti dé. Ọmọdé kan á ti sáré wá láti ilé kẹta: “Wolé-wolé ń bọ̀ o!” Kíá, ìyá mi á da omi ìkòkò nù, á gbá àgbàlá, á kó pàǹtírí lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí ọkùnrin náà bá wọlé, ilé mọ́ tónítóní. Á yin ìyá mi, á lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, tanwíjí ti padà sínú ìkòkò, ibà sì ti padà sí ara wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìkòkò yẹn. Ohun tí mo bá pàdé lórí òkun kò yàtọ̀ sí i, àfi pé gáàsì ló wà nínú ìkòkò tibẹ̀.

2. Kí ló yẹ kí wọ́n wò?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí. Pèpéle irin ńlá ni, tí wọ́n ri ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ òkun. Platform ni àwa òṣìṣẹ́ ń pè é. Lórí rẹ̀ ni ẹnu kànga epo wà, ẹ̀rọ tó ń ya epo, gáàsì àti omi sọ́tọ̀, ẹ̀rọ mànàmáná, ilé ìdáná àti yàrá tí a ń sùn. Ẹ ro ilé kan tí wọ́n kọ́ yàrá ìbùsùn ti ààrò, tí iná ààrò náà kì í kú tọ̀sán-tòru, tí kò sì sí ojúde tí èèyàn lè sá bọ́ sí àfi omi.

Ìnsípẹ́kítọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní nǹkan márùn-ún tí kò gbọdọ̀ fojú fò. Èkíní ni fáàfù tó ń ti epo àti gáàsì pa lójijì: kí wọ́n tì í lójú rẹ̀, kí ó sì wo aago bó ṣe yá tó. Èkejì ni ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn gáàsì: kí wọ́n fẹ́ gáàsì díẹ̀ sí i, kí ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ pé ó ké. Ẹ̀kẹta ni pọ́ǹpù omi tí a fi ń pa iná: kí wọ́n tan gbogbo wọn, kì í ṣe èyí tó dára jù nìkan. Ẹ̀kẹrin ni ọkọ̀ ìgbàlà: kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí ó sì ka àyè ìjókòó inú rẹ̀ mọ́ iye orí tó wà lórí pèpéle.

Ẹ̀karùn-ún ló ṣòro jù, nítorí ojú kì í tètè rí i. Òun ni ìwé ìyọ̀ǹda iṣẹ́. Bí mo bá fẹ́ tú ẹ̀rọ kan, mo gbọ́dọ̀ gba ìwé tó sọ ẹ̀rọ wo ni, ta ló ń tú u, fáàfù wo la ti pa, àti ìgbà tí a ó parí. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí iṣẹ́ kò tíì parí, èmi tí mò ń lọ sùn gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó ń gba ṣíìfù lọ́wọ́ mi pé, “Ẹ̀rọ yìí wà ní títú o, ẹ má tan án.” Ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìwé pélébé kan, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àìsọ ọ̀rọ̀ yẹn ni èèyàn 167 bá lọ ní òru ọjọ́ kan.

3. Piper Alpha

Ní 6 July 1988, lórí Òkun Àríwá tó wà láàárín Britain àti Norway, pèpéle kan tí wọ́n ń pè ní Piper Alpha gbiná. Èèyàn 226 ló wà lórí rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n ti yọ fáàfù ààbò kan lára pọ́ǹpù kan láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n wá fi irin pẹlẹbẹ bo ojú ihò rẹ̀. Wọn kò dì í le. Iṣẹ́ kò parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìwé iṣẹ́ náà wà, ṣùgbọ́n àwọn tó gba ṣíìfù alẹ́ kò mọ̀ pé fáàfù kò sí níbẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù, pọ́ǹpù kejì kú, ó kọ̀ kò tan mọ́. Wọ́n bá tan ti àkọ́kọ́. Gáàsì tú jáde lójú ihò tí wọ́n bò, iná sì ṣẹ́ yọ.

Pọ́ǹpù tó yẹ kó da omi sí iná kò lè tan ara wọn, nítorí wọ́n ti yí wọn sí ìpò tó jẹ́ pé àfi kí èèyàn fọwọ́ tan wọ́n, kí wọ́n má baà fa àwọn òmùwẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ omi mọ́ra. Iná kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé ìdí wọn. Pèpéle méjì mìíràn, Tartan àti Claymore, tí páìpù wọn so mọ́ ti Piper, kò tètè dá epo àti gáàsì dúró. Kí ilẹ̀ tó mọ́, 165 nínú àwọn tó wà lórí rẹ̀ ti kú, pẹ̀lú méjì nínú àwọn tó wá gbà wọ́n là. Èèyàn 61 péré ló yè é, púpọ̀ nínú wọn sì bẹ́ sómi láti òkè gíga ni.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó kàn wá. Ní June 1988, oṣù tó ṣáájú, ìnsípẹ́kítọ̀ ìjọba ti wá sórí Piper Alpha. Òṣìṣẹ́ kan ti kú níbẹ̀ ní 1987, ikú náà sì ní í ṣe pẹ̀lú bí ṣíìfù kan ṣe ń fi iṣẹ́ lé èkejì lọ́wọ́. Àìsàn yẹn gan-an ló ṣì wà níbẹ̀. Ìnsípẹ́kítọ̀ náà yí pèpéle ká, kò rí i, ó lọ. Adájọ́ Cullen tí wọ́n gbé ìwádìí lé lọ́wọ́ gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní November 1990, pẹ̀lú àbá 106. Kò fi bò pé àyẹ̀wò tí ìjọba ṣe níbẹ̀ kò jinlẹ̀ tó ohun tí èèyàn lè gbára lé.

Kí ló fà á? Ní Britain nígbà náà, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń wá bí epo yóò ṣe pọ̀ sí i náà ló ní àwọn ìnsípẹ́kítọ̀ ààbò. Ní April 1991, wọ́n gba iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún Health and Safety Executive, àjọ tí kò ní owó epo kankan láti kà. Òfin 1992 sì gbé ẹrù náà lé ilé iṣẹ́ epo lórí: òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀, tí yóò sì fi yé ìjọba, pé òun mọ gbogbo ohun tó lè pa èèyàn lórí pèpéle òun, àti ohun tí òun ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti 1989 ni òfin sì ti fún àwọn òṣìṣẹ́ orí òkun ní ẹ̀tọ́ láti dìbò yan aṣojú ààbò láàárín ara wọn.

4. Ẹjọ́ tèmi

N kò wá síbí láti wá fi òyìnbó ṣe ẹlẹ́yà. Èmi náà ní ẹjọ́ láti rò.

Ní 1994, mo wà lórí pèpéle kan tí n kò ní dárúkọ, lábẹ́ ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Agbaṣẹ́ṣe ló gbà mí síbẹ̀ láti máa tún ẹ̀rọ ṣe. Pọ́ǹpù omi iná méjì la ní: ọ̀kan ń lo iná mànàmáná, èkejì ń lo dísẹ̀lì. Ti dísẹ̀lì yìí ti tó oṣù mẹ́rin tí kò tan. A kọ̀wé béèrè ohun èlò rẹ̀, wọ́n ní ó ń bọ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa pè wá jọ, ó ní ìnsípẹ́kítọ̀ ìjọba ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì òní. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko! A kun irin, a fọ ilẹ̀, a pààrọ̀ pátákó ìkìlọ̀ tí oòrùn ti pa àwọ̀ rẹ̀ rẹ́. Wọ́n kun pọ́ǹpù dísẹ̀lì náà ní pupa, ó ń dán bí mọ́tò tuntun.

Hẹlikọ́pítà ilé iṣẹ́ ló gbé ìnsípẹ́kítọ̀ wá. Ilé iṣẹ́ ló fún un ní yàrá, ilé iṣẹ́ ló fún un ní oúnjẹ. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kí wa dáadáa, ó sì mọ̀wé. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́ta péré ló ní, nítorí ẹni tó wa hẹlikọ́pítà ní ojú ọjọ́ ń yí padà. Ó lo ìdajì rẹ̀ nínú ọ́fíìsì pẹ̀lú fáìlì. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n tan pọ́ǹpù oníná mànàmáná, omi tú jáde yàà. Ó wá nawọ́ sí èyí pupa, ó bi mí pé, èyí ńkọ́, ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ọ̀gá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ro ìwé iṣẹ́ mi tó máa parí ní òpin oṣù. Mo ro owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Mo ní, “Yes, sir.” Ó sàmì sí ìwé rẹ̀, ó kọjá lọ.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún lẹ́yìn náà, iná ṣẹ́ yọ níbi ẹ̀rọ mànàmáná. Ẹ kò nílò kí n ṣàlàyé jìnnà: bí ẹ̀rọ mànàmáná bá kú, pọ́ǹpù tó ń lo mànàmáná kú nìyẹn. Èyí tó yẹ kó gbà wá lọ́jọ́ náà ni èyí pupa tó ń dán. Ó dúró bí ère. Àwa márùn-ún la fi sílíńdà ìpaná ọlọ́wọ́ bá iná náà jà títí ó fi kú. Kò pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń sùn ní yàrá kan, wẹ́dà ni, ó sún mọ́ iná náà jù. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jóná láti ìka dé ìgúnpá. Wẹ́dà tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè di nǹkan mú mọ́, ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí. Wọ́n fún un ní owó díẹ̀, ó padà sí ìlú rẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ kí i, ó bu oúnjẹ fún mi, ó ní kí n má bínú pé ọwọ́ òsì ni òun fi bù ú. N kò lè jẹ ẹ́ tán. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò sọ fún un pé èmi ni mo sọ “Yes, sir” yẹn. Ní oṣù tó kọjá, nígbà tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, mo lọ bá a, mo sọ ọ́, nítorí kò tọ́ kí ẹ̀yin gbọ́ ọ ṣáájú rẹ̀. Ó dákẹ́, ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Èmi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀.” Ó ní kí n sọ ọ́ fún yín.

Èébú ì bá sàn fún mi ju ìdáhùn yẹn lọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ, òótọ́ náà ló sì gbé mi dé ibí. Bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà jó lọ́wọ́ bá lè ní òun náà ì bá purọ́, a jẹ́ pé bí a ṣe ń ṣe àyẹ̀wò yìí gan-an ni kò tọ́.

5. Ohun mẹ́ta tó ń ba àyẹ̀wò jẹ́

Ohun kìíní ni ọkọ̀ àti oúnjẹ. Àwọn baba wa ní bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì. Ẹni tó bá ọkọ̀ rẹ wá, tó jẹun rẹ, tó sì ń retí kí o gbé e padà sílé, báwo ni yóò ṣe ní kí o ti ibi iṣẹ́ rẹ pa? Ní Amẹ́ríkà, òfin ní kí wọ́n yẹ ibi iṣẹ́ orí òkun wò lọ́dọọdún, kí wọ́n sì tún máa yọ sí wọn láìsọ tẹ́lẹ̀. Ìjọba ló ń háyà hẹlikọ́pítà fún àwọn ìnsípẹ́kítọ̀. Òfin tó dára ni. Síbẹ̀, ní 2008 àti ní 2010, ìwádìí ìjọba tiwọn fi hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ kan nínú àjọ tí wọ́n ń pè ní MMS gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ epo. Wọ́n tilẹ̀ gbé àwọn kan nínú wọn ní Louisiana lọ wo eré bọ́ọ̀lù.

Ohun kejì ni owó. Àjọ MMS yìí kan náà ló ń ta ẹ̀tọ́ láti wa epo, òun ló ń gba owó epo fún ìjọba, òun náà ló tún ń ṣọ́ ààbò. Ní 20 April 2010, rìígì Deepwater Horizon bú gbàmù ní Gulf of Mexico. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, àwọn ọ̀gá wà lórí rìígì náà, lára ohun tó sì gbé wọn wá ni láti yin àwọn òṣìṣẹ́ pé ọdún méje ti kọjá láìsí ìjàǹbá tó gbé ẹnikẹ́ni kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti dán kànga wò, wọ́n ṣi èsì rẹ̀ kà. Ẹ̀rọ ńlá tó wà lẹ́nu kànga nísàlẹ̀ òkun, tó yẹ kó gé páìpù kó sì dí kànga pa, kò lè dí i. Èèyàn mọ́kànlá kú, ọjọ́ 87 ni epo sì fi tú sínú òkun. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tú MMS ká. Nígbà tó fi di 1 October 2011, ẹni tó ń gba owó wà lọ́tọ̀, ẹni tó ń ta ẹ̀tọ́ wà lọ́tọ̀, ẹni tó ń ṣọ́ ààbò wà lọ́tọ̀.

Ilé wa ńkọ́? Òfin ààbò kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Nàìjíríà. Òfin ààbò lórí iṣẹ́ epo ti wà láti 1963, wọ́n sì tún un ṣe ní 1997. DPR ló ń ṣe àyẹ̀wò fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí Ààrẹ Muhammadu Buhari fi fọwọ́ sí òfin tuntun, PIA, ní 16 August 2021, tó gbé ọ̀rọ̀ wíwa epo lé NUPRC lọ́wọ́. Bí òfin 2021 yẹn ṣe lọ, àjọ kan náà ni yóò máa bójú tó ìwé àṣẹ, tí yóò máa ka iye epo, tí yóò sì tún máa ṣọ́ ẹ̀mí àwọn òṣìṣẹ́. Ohun tí Britain tú ká ní 1991, tí Amẹ́ríkà tú ká lẹ́yìn 2010, òun la tún dì pọ̀.

Ẹ má rò pé ìtàn ìlú òkèèrè ni mò ń pa. Ní 16 January 2012, rìígì KS Endeavor gbiná ní Funiwa, lójú òkun Bayelsa. Èèyàn méjì kú, ọjọ́ 46 ni iná náà fi jó. Ní May 2020, kànga Ororo-1, tó wà nínú omi lẹ́bàá Àwóyè ní Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Òndó wa, bú nígbà tí wọ́n padà ń ṣí i láti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ní 2023, iná náà kò tíì kú. Àwọn apẹja Ìlàjẹ tí a jọ ń sọ èdè kan ló wà létí omi yẹn.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Trinity Spirit, ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi ń tọ́jú epo lójú òkun Delta, tí wọ́n kàn láti 1976. Ní 2019, ìjọba gba ìwé àṣẹ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ padà nítorí gbèsè. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: nítorí gbèsè ni. Ojú ìjọba rí owó tí kò wọlé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀, èèyàn ṣì ń sùn nínú rẹ̀, títí di 2 February 2022 tó fi bú gbàmù tó sì gbiná. Mẹ́wàá ni wọ́n wà nínú rẹ̀, mẹ́ta ni wọ́n rí gbà là. Ẹni tó lè rí gbèsè tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó rí èèyàn mẹ́wàá.

Ohun kẹta ni ẹ̀rù, mo sì ti sọ tèmi. Òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe tí wọ́n lè dá padà sílé láìsọ ìdí kò lè sọ òótọ́ lójú ọ̀gá rẹ̀.

6. Wolé-wolé tó mọ iṣẹ́

N kò ní ṣe àbòsí. Mo ti rí ìnsípẹ́kítọ̀ ìjọba tó mọ iṣẹ́. Ní 2003, obìnrin kan wá sórí pèpéle mìíràn tí mo wà. Ó ní òun ń sùn mọ́jú. Ó ní fáìlì lè bá òun lọ sí ọ́fíìsì, òun kò wá sórí òkun nítorí fáìlì. Ilé ìdáná ló kọ́kọ́ wọ̀. Ó bi kúùkù pé, bí iná bá ṣẹ́ yọ báyìí, ilẹ̀kùn wo lo máa gbà? Kúùkù nawọ́ sí ilẹ̀kùn kan. Àpò ìrẹsì ni wọ́n tò dí i láti ìsàlẹ̀ dókè.

Nígbà tí ṣíìfù yí ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń gbọ́ ohun tí ẹni tó ń lọ ń sọ fún ẹni tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ó pe àwa mẹ́fà sínú yàrá, ó ní kí ọ̀gá wa dúró síta, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní, “Ẹ sọ ohun tí ẹ kò ní fẹ́ kí ìyàwó yín gbọ́.” Mo rántí ọwọ́ òsì yẹn, mo sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un pé ẹ̀rọ gáàsì méjì wà tí wọ́n ti pa lẹ́nu nítorí pé wọ́n ń ké lóru. Ó ní kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró títí wọn yóò fi ṣe é. Ọjọ́ méjì ni epo kò fi jáde.

Kò sí ìwé ìròyìn tó gbé e, nítorí kò sí ìwé ìròyìn tó ń kọ nípa iná tí kò jó. Èmi nìkan ni nǹkan ṣe: oṣù márùn-ún ni agbaṣẹ́ṣe kò fi pè mí padà. Ìyàwó mi tó jókòó sí apá òsì yín níbẹ̀ yẹn ló fi aṣọ títà bọ́ wa. Ẹ bá mi kí i.

7. Kí ni kí a ṣe?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń lọ sórí òkun, ẹ má fọwọ́ sí ohun tí ojú yín kò rí. Bí wọ́n bá bi yín bóyá ẹ̀rọ kan ń ṣiṣẹ́, tí ẹnu yín kò sì gba “rárá,” ẹ ní, “Ẹ jẹ́ ká tan án wò, sà.” Kò sí ọ̀gá tó lè ní ẹ purọ́ mọ́ òun pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn. Ì bá jẹ́ pé mo mọ̀ ọ́n ní 1994! Ní ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀, kí ẹ tó tú báàgì yín, ẹ rìn láti ibùsùn dé ọkọ̀ ìgbàlà, ẹ ka ilẹ̀kùn tó wà láàárín. Ẹ rìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú ojú dídì.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ìyàwó, owó oṣù nìkan kọ́ ni kí ẹ máa béèrè. Ẹ bi í pé: ìgbà wo lẹ sọ ọkọ̀ ìgbàlà kalẹ̀ gbẹ̀yìn? Ṣé pọ́ǹpù omi iná ń tan? Ta ni kí a pè nílé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, agbaṣẹ́ṣe ni àbí ilé iṣẹ́ epo? Bí kò bá mọ èsì, yóò wá a nígbà tó bá padà débẹ̀, nítorí pé ẹ máa tún bi í. Bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò ṣe ń ti ilé bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀bẹ̀ méjì ni mo ní. Àkọ́kọ́, kí a yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó àánú wa fún ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n bá dá dúró nítorí pé ó sọ òótọ́ fún ìnsípẹ́kítọ̀. Kó má jẹ́ ìyàwó ẹnìkan nìkan ni yóò ru ẹrù yẹn. Èkejì, kí àwa àti àwọn ẹgbẹ́ onílẹ̀ tí a jọ ń gbé ìlú yìí jọ kọ̀wé sí àwọn aṣòfin wa. Ohun mẹ́rin ni kí a béèrè: kí ìnsípẹ́kítọ̀ máa fi ọkọ̀ ìjọba wá, kí ó máa yọ sí wọn láìsọ tẹ́lẹ̀, kí ó máa bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ láìsí ọ̀gá níbẹ̀, kí wọ́n sì máa tẹ èsì àyẹ̀wò jáde kí gbogbo èèyàn lè kà á. Èyí tó tóbi jù wọ́n lọ ni kí ẹni tó ń ka owó epo má ṣe jẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀mí. Yóò pẹ́ kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n Britain sin èèyàn 167 kí wọ́n tó ṣe é. Kò pọn dandan kí àwa dúró de ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ mi parí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A ti wà lọ́jà epo yìí pẹ́, ẹ jẹ́ ká tún orí àwọn ọmọ wa ṣe. Bí wolé-wolé bá tún ń bọ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé kankan sáré ṣáájú rẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kó bá tanwíjí nínú ìkòkò, kó sọ ọ́, kí a dà á nù, kí ibà má baà pa wá.

Gbogbo àwọn tó wà lórí omi lónìí, Olúwa yóò mú wọn bọ̀ nílé láyọ̀. Ẹgbẹ́ wa kò ní bàjẹ́.